Bẹ́ ẹ ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí formic acid ṣe ń di háídrójìn lórí palladium

Ọ̀nà méjì ni formic acid lè gbà fọ́ o. HCOOH → CO2 + H2, ìyẹn la fẹ́, àbí kó di CO + H2O, ìyẹn wàhálà, torí CO máa ń lẹ̀ mọ́ Pd (palladium) pinpin, kò ní jẹ́ kí nǹkan míì ráyè.

Ẹ lo Quantum ESPRESSO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò agbára àwọn átọ̀mù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣírò lattice constant Pd (ìwọ̀n àpótí kékeré tí ètò átọ̀mù ẹ̀ ń tún ara ẹ̀ ṣe) fúnra ẹ̀, PBE (irú ìṣírò tẹ́ ẹ máa yàn nínú ètò náà) á gbé nǹkan bíi 3.94 Å wá, ẹ má lọ gbé 3.89 inú ìwé síbẹ̀ jàre, slab yín (pẹlẹbẹ Pd tẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀) á ti fún pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá gé slab náà sí ojú tí wọ́n ń pè ní Pd(111), átọ̀mù 3×3 ní ipele kọ̀ọ̀kan, ipele mẹ́rin, ẹ fi àyè òfìfo 15 Å sókè ẹ̀, ẹ de méjì ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí méjì òkè máa rìn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni HCOO àti COOH, ohun méjì tí formic acid lè dà tí H kan bá kúrò lára ẹ̀. HCOO máa ń fi oxygen méjèèjì tẹ Pd mọ́lẹ̀, ó máa ń dúró dáadáa, àmọ́ pé ó dúró dáadáa ò sọ pé ọ̀nà tiẹ̀ ló yá jù o, ẹ ṣírò méjèèjì. Ẹ fi NEB (ìṣírò tó ń tọ ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìyípadà náà dé òpin ẹ̀) wá ibi tí agbára ti ga jù lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ wá ṣe frequency ẹ̀ (bí àwọn átọ̀mù ṣe ń gbọ̀n níbẹ̀): imaginary (èyí tí ètò náà máa ń kọ bíi nọ́ńbà òdì) kan ṣoṣo ló yẹ kó jáde, tó bá ti di méjì, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ agbára gáàsì CO2 náà, PBE máa ń ṣì í, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó ya gíráàfù kankan.