Bí mo ṣe fi ìrókò tí ìjì wó kan tábìlì iṣẹ́ mi

Tábìlì iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ kàn sí ṣọ́ọ̀bù mi kò lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Arère ni mo fi kàn án, pákó tútù tí mo rà ní sọ́mìílì kan. Bí mo ṣe ń gbá ìṣó wọ̀ ọ́ ni omi ń rú jáde ní ìdí ìṣó. Mo mọ̀ pé ó tutù, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi ní, "Kò séwu, á gbẹ síbẹ̀." Lóòótọ́, ó gbẹ síbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo gbọ́ "gbàù!" láti inú ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ọdẹ ló yìnbọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé pákó àárín ti là láti ìdí ìṣó kan dé ìdí ìkejì, àwọn tó kù sì ti ká kò bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n sá sóòrùn. Kò sí ohun tí mo lè gbé lé e kí n fi ìfági fá a tí kò ní máa mì.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Abẹ́ páànù ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré bàbá mi ní apá Ìdànrè, níbi tí a ti ń ṣe kòkó. Iná mànàmáná kò dé ibẹ̀, mi ò sì ní jẹnẹrétọ̀. Ayùn ọwọ́ méjì, ìfági méjì, ṣíṣẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, òòlù, lu-ihò aláfọwọ́yí kan tí mo jogún: ohun tí mo fi ń kan àga, àpótí àti férémù ilẹ̀kùn fún àwọn ará oko nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́ báyìí, tábìlì tó dúró gbọin ló máa ń ṣe é ní ọwọ́ kẹta.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì àkọ́rọ̀ òjò wó ìrókò kan lulẹ̀ láàárín oko. Àwọn tó dá oko wa sílẹ̀ fi igi náà síbẹ̀ kí ó máa ṣíji bo kòkó. Bó ṣe ṣubú, ó fọ́ kòkó mọ́kànlá mọ́lẹ̀, bàbá mi sì kà wọ́n lójú mi bí ẹni ń ka òkú. Ìyá mi ní kí n má tíì fọwọ́ kan ìrókò náà, kí ó pé ọjọ́ méje ná, kí Olúwéré tó ń gbé inú rẹ̀ lè ráyè kó ẹrù rẹ̀. Mo gbà. Àti pé ìrókò, bó tilẹ̀ ṣubú sínú oko bàbá ẹni, èèyàn kì í kàn là á láìgba ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Olúwéré ní ọjọ́ méje, ọ́fíìsì ìjọba ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ni mo fẹ́ bá jà nínú àwọn méjèèjì?

Bọ̀dá kan tó ní ẹ̀rọ ayùn ló bá mi là á. A kò gbé igi náà lọ sí sọ́mìílì, nítorí ọkọ̀ kò lè wọ ibi tó ṣubú sí. Inú oko níbẹ̀ la ti là á, tí a sì fi orí ru pákó jáde. Kí ẹ̀rọ tó kan igi, ẹ gbọ́dọ̀ fa ìlà. A fọ́ bátìrì rédíò tó ti kú, a po ẹ̀tù dúdú inú rẹ̀ mọ́ omi díẹ̀, a ki òwú gígùn bọ̀ ọ́. Èmi di orí kan mú, ọmọ iṣẹ́ mi di orí kejì, a fà á le, Bọ̀dá wá fi ìka méjì gbé òwú náà lókè láàárín, ó jù ú sílẹ̀: pá! Ìlà dúdú tó tọ́ bí ojú abẹ ló yọ lójú igi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń fi ojú lásán là á. Pákó wọn máa ń nípọn níbí, kí ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, ìfági ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pákó íǹṣì 2, ẹ là á ní íǹṣì 2 àti ìdámẹ́rin íǹṣì, nítorí igi ń sún kì bó bá ń gbẹ, ìfági náà sì máa gba tirẹ̀. Ẹ̀rọ ayùn náà ní ojúkòkòrò: ní gbogbo ìgbà tó bá la igi kọjá, nǹkan bí ìdámẹ́ta íǹṣì ló ń sọ di ìyẹ̀fun. Ẹ là á lẹ́ẹ̀mẹta, odidi íǹṣì kan ti lọ nìyẹn.

A ti la pákó mẹ́rin nígbà tí ẹ̀rọ ké "kẹẹ!" tí iná sì ṣẹ́ yọ. Bọ̀dá pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Àbúrò, mo ti sọ fún ọ. Òkúta wà nínú rẹ̀."

"Òkúta báwo, Bọ̀dá? Ta ló fi í síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Gbé àáké wá."

Ó fi àáké yọ ọ́. Òkúta funfun tó tó ẹyin àparò, ó le koránkorán, ó rí bí ẹfun tí wọ́n dáná sun. Ìrókò fúnra rẹ̀ ló ń dá a sínú, pàápàá níbi tó bá ti fara pa rí. Ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ló ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òkúta. Ẹ má wọ inú ìrókò pẹ̀lú ṣéènì kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni Bọ̀dá gbé wá, méjì ló kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní kí n bá a fi fáìlì pọ́n ọ̀kan, ó wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú." Mo dá fáìlì padà fún un.

Ìyẹ̀fun ìrókò kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré o. Ní ọjọ́ kìíní mi ò bo imú. Di alẹ́, ojú mi wú, ọrùn ń yún mi, mo sín títí ìyàwó mi fi ní kí n lọ sùn sí ìta. Láti ọjọ́ kejì, aṣọ wà ní imú, ẹ̀wù sì wà dé ọrùn ọwọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí èèyàn kì í rí ṣe: gbígbẹ. Mo to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà páànù, mo da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò yí ẹsẹ̀ àtíbàbà ká nítorí ikán. Mo gé ọmọ igi gbígbẹ, íǹṣì kan níbùú, íǹṣì kan nípọn, mo fi wọ́n sáàárín pákó kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Láàárín ọmọ igi kan sí èkejì, fíìtì kan ààbọ̀. Àṣírí ibẹ̀ ni pé ọmọ igi òkè gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan ti ìsàlẹ̀, kí ẹrù lè sọ̀kalẹ̀ tààrà dé orí búlọ́ọ̀kù. Ní apá kan, ọmọ igi mi tán, mo fi èyí tó kù há ibi tí mo rí. Pákó mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ló tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, ẹsẹ̀ àpótí ni mo fi wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn. Mo kun orí pákó méjèèjì ní ọ̀dà tó kù nígbà tí a kun ilé, nítorí ẹnu ibi tí a ti gé ni omi ti ń sá jáde jù. Bí orí bá gbẹ tí àárín ò tíì gbẹ, yóò là. Mo gbé òkúta lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Nínú oṣù Keje, òjò ń rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo bá fi tápólì bò ó pátápátá. Àṣìṣe ńlá ni. Nígbà tí mo ṣí i ní ọ̀sẹ̀ méjì, ojú pákó ti bu, ó funfun bí ẹni fọ́n èlùbọ́ lé e, ó ń rùn bí ẹ̀wù tí wọn kò sá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, mo ká tápólì kúrò ní ẹ̀gbẹ́. Orí nìkan ni kí ẹ bò. Ẹ fi ìhà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé igi ti gbẹ? Bàbá káfíńtà tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi ìka kàn án, á gbé etí lé e. Nígbà tí mo mú wọn wá wò ó nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n ní, "Kò tíì yá. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn." Èmi ò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé pákó kékeré kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí a là á, fíìtì 2 ní gígùn, mo kun orí rẹ̀ náà, mo sì ń gbé e kọ́ òṣùwọ̀n tí àbúrò mi obìnrin fi ń wọn ẹja. Lọ́jọ́ kìíní, kílò 4.6. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, 3.9. Ọyẹ́ dé, ó já wálẹ̀ kíá: ní àárín oṣù Kìíní, 3.3. Lẹ́yìn náà 3.2, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e 3.2, èyí tó tún tẹ̀ lé e 3.2. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti dúró lójú kan báyìí, igi àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti dọ́gba nìyẹn. Mo pe Bàbá padà. Wọ́n kàn án: kó, kó. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn bọ́ bàtà, wọ́n jókòó.

Kíkàn rẹ̀ kò gbà ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Mo kọ́kọ́ gé gbogbo ẹ̀gbẹ́ funfun kúrò lára pákó, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò ń jẹ. Inú pupa rẹ̀, ikán pàápàá kì í sábà bá a jà. Fífá rẹ̀ ló fún mi ní wàhálà, torí ọ̀nà tí iṣan ìrókò ń gbà kì í ṣe ọ̀kan. Bí ẹ bá ń fá a lọ tó ń dán, lójijì ló máa ya lójú, tí yóò hó. Mo pọ́n abẹ ìfági títí ó fi ń fá irun apá mi, mo fa abẹ náà wọlé tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló yọ síta, mo sì ń dagun ìfági bí mo ṣe ń tì í. Láti mọ̀ bóyá ojú pákó lọ́, mo gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó tọ́ dábùú rẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀, mo di ojú kan, mo wo orí àwọn méjèèjì. Bí igun ti ọ̀hún bá yọ ju ti ìhín lọ, ibẹ̀ ló ga nìyẹn.

Gíga tábìlì: mo dúró, mo sọ ọwọ́ sílẹ̀, ibi tí ọrùn ọwọ́ mi dé ni mo fi ṣe òkè rẹ̀, íǹṣì 34. Gígùn rẹ̀ fíìtì 6. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, pákó íǹṣì 2 méjì tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mi ò lo ìṣó kankan nínú ẹsẹ̀. Mo gbẹ́ ihò sí ẹsẹ̀, mo gbẹ́ ahọ́n sí orí igi ìdábùú, ahọ́n náà sì jẹ́ ìdámẹ́ta ìnípọn igi. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí. Mo lu ihò èèkàn gba ẹsẹ̀ kọjá, mo ti ahọ́n wọlé, mo fi ẹnu lu-ihò sàmì sí i lára, mo fà á jáde. Nígbà tí mo wá ń lu ti ahọ́n, mi ò lù ú sójú àmì gan-an, mo sún un sẹ́yìn sí èjìká ahọ́n, ìyẹn ìdí ibi tí ahọ́n ti yọ, ní ìwọ̀n ìnípọn káàdì ATM méjì. Nípa bẹ́ẹ̀, ihò méjèèjì ò bára mu tán. Mo wá gbẹ́ èèkàn láti ara igi àyàn gbígbẹ, mo dá orí rẹ̀ ní ṣóńṣó. Bí mo ṣe ń fi òòlù gbá a wọlé, ó ń wá ọ̀nà láti tọ́, ó sì ń fa ahọ́n wọ inú ihò. Mo rí ojú oríkèé tó ń pa dé títí irun kò fi lè gba ibẹ̀. Kìráǹpù kankan kò sí ńbẹ̀, gọ́ọ̀mù kò sí ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, èèkàn á ṣẹ́ sínú. Ọ̀kan ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí n tó gbá gbogbo èèkàn wọlé tán, mo wọn férémù láti igun sí igun, méjèèjì dọ́gba.

Pákó mẹ́rin ló wà lórí, íǹṣì 6 níbùú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi kì í gùn sí i bí òjò bá dé, ìbú ló ń fẹ̀ sí i, ọyẹ́ sì ni mo ń kàn án yìí, nígbà tó gbẹ jù. Nítorí náà mo fi àlàfo sáàárín wọn, káàdì ATM méjì náà ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo sì fi sukúrù kan ṣoṣo de pákó kọ̀ọ̀kan mọ́ igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ní àárín gbùngbùn, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè máa lọ kí wọ́n máa bọ̀. Mo lu ihò mẹ́jọ sójú rẹ̀, alágbẹ̀dẹ bá mi tẹ irin bí ọrùn lékèélékèé. Mo ti ìrù irin náà bọ ihò, mo fi òòlù gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan, ó há, ẹnu rẹ̀ sì tẹ iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó tú. Mo fi ìda oyin pa ojú tábìlì, ó parí.

Ìyàwó mi ní ó dà bí ibi tí wọ́n ń pa màlúù sí.

Nínú oṣù Keje tó kọjá, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. Mo jí lóru, mo ranti "gbàù" ọjọ́sí, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo mú káàdì jáde nínú pọ́ọ̀sì mi, mo gbìyànjú láti kì í bọ àlàfo àárín pákó. Káàdì kan ṣoṣo kò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo gbé ọwọ́ lé ojú tábìlì láti òpin kan dé èkejì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo padà lọ sùn.