Bí mo ṣe fọ ewé sàláàdì fún ogójì ènìyàn

Sàláàdì ogójì ènìyàn ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ní ilé oúnjẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì sọ fún mi pé aláboyún àti ọmọdé wà nínú àwọn àlejò náà. Àyà mi já díẹ̀. Ewé tútù kì í rí iná kó tó dé ẹnu, kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní E. coli O157:H7 kì í sì í pa àwọ̀ rẹ̀ dà tàbí kó jẹ́ kó rùn. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, ewé lẹ́tùsì romaine kó àìsàn ran èèyàn 210, márùn-ún nínú wọn kú. Wọ́n rí kòkòrò ọ̀hún nínú omi kànáà, ìyẹn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́, ní agbègbè oko Yuma, ní Arizona.

Síǹkì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹnì kan ti ṣan adìẹ tútù níbẹ̀ láàárọ̀. Ká ní mo da ewé sí i bẹ́ẹ̀, omi adìẹ ni ǹ bá fi fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ fọ síǹkì náà, mo ṣàn án, mo sì fi oògùn apakòkòrò nù ún. Mo gbé pátákó àti ọ̀bẹ ẹran jìnnà, mo wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní inú ń run òun látàná. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ewé rárá. Kò dùn mọ́ wọn nínú, àmọ́ wọ́n gbà.

Mo bó àwọn ewé òde dànù, mo tú ìyókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fọ̀ wọ́n lábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn. N kò rì wọ́n sínú abọ́ kan ṣoṣo, torí ewé kan tó lẹ́gbin lè ko bá gbogbo èyí tó kù. Ọṣẹ kò kan ewé: ewé máa ń fa ọṣẹ mu. Àpò ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé a ti fọ̀ ọ́, mi ò tún un fọ̀, kí n má baà fi ọwọ́ mi kó ìdọ̀tí bá ohun tó mọ́.

Síbẹ̀, fífọ̀ kò lè kó gbogbo kòkòrò kúrò. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ihò tíntín tó wà lára ewé àti ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé e, oje tó ń jáde níbẹ̀ sì ń bọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi bébà gbẹ omi ara wọn, tí mo sì dúró kó kù díẹ̀ kí àlejò dé kí n tó gé wọn. Láti 2009 ni ìlànà oúnjẹ Amẹ́ríkà ti ka ewé gígé mọ́ àwọn oúnjẹ tó gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 5°C tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹmómítà fíríìjì wa ń sọ 8. Mo dín in kù títí ó fi dé 4, mo sì gbé ẹran tó wà lórí sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí ewé.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbé sàláàdì jáde. Èyí tó lo wákàtí méjì lórí tábìlì, mo dà á nù. Aláboyún kan rọra bi mí bóyá ẹ̀fọ́ sísè wà. Mo se é fún un títí ó fi hó dáadáa, mo sì gbé e lọ fún un fúnra mi.