Bí mo ṣe ṣe onídùúró fún àbúrò mi ní àgọ́ ọlọ́pàá l'Ábújá

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi gan-an wà lára àwọn tó ní kí ọlọ́pàá máa wá. Àwọn ajáfóònù ti sọ àdúgbò wa di tiwọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí ẹni tó máa sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Napep lẹ́bàá afárá tí kò ní kọ́kọ́ ki fóònù bọ àyà. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya ìyá ẹlẹ́wà kan lọ́wọ́. Nígbà tí a ṣe ìpàdé àdúgbò, Yorùbá, Gbagyi, Haúsá, Ìbò, gbogbo wa la pé, ọlọ́pàá kan sì wá ṣojú DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wa. Mo nawọ́, mo dìde, mo ní, "Ọ̀gá, a fẹ́ máa rí yín lálẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́. Ní alẹ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ wọn dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Wọn ò lọ sí ẹ̀bá afárá. Ìdí bẹ́ǹṣì mai shayi, Haúsá tó ń ta tíì àti índómì, ni wọ́n dúró sí, wọ́n sì kó ọmọkùnrin mọ́kànlá tó jókòó síbẹ̀. Àbúrò mi wà nínú wọn. Índómì àti ẹyin ló ń dúró dè.

Mi ò ní dárúkọ àdúgbò náà, torí ibẹ̀ ni mo ṣì ń gbé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yìn ìlú ni, níbi tí àwa tí apá wa ò ká owó ilé àárín Àbújá ń gbé, tí a sì ń jí wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Ọjà Wuse ni mo ti ń ta aṣọ.

Mai shayi fúnra rẹ̀ ló sáré wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo da ìborùn borí, èmi àti bàbá onílé wa sì forí lé àgọ́. Àwọn tó wà ní káńtà ní, "Mama, sai gobe," ìyẹn ni pé ó di ọ̀la. Mo mọ̀ pé wọn ò ní tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lóru yẹn, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ ọlọ́pàábìnrin tó wà níbẹ̀: kó bá mi wò ó bóyá orúkọ àbúrò mi wà nínú ìwé, àti ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé gbọọrọ kan tí wọ́n fi rúlà fàlà sí, ìka rẹ̀ tí lálì ti ń ṣí lára èékánná ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ kejì láti ìsàlẹ̀ ni. Wọ́n ti ṣi orúkọ bàbá wa kọ, ó sì bá mi tún un ṣe. Ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n fura sí i pé ó ń já fóònù.

Ẹ̀sùn yẹn ló jẹ́ kí n lè sùn lóru ọjọ́ náà. Ká ní ìdigunjalè ni wọ́n kọ ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, nítorí ikú ni ìjìyà ìdigunjalè, àgọ́ ọlọ́pàá kì í sì í fúnra wọn dá ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ la ikú lọ sílẹ̀ ní bélì. Fún àwọn ẹ̀sùn yòókù, ACJA, òfin ọdún 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, sọ pé bí wọn ò bá ní lè gbé èèyàn dé kóòtù láàárín wákàtí 24, kí wọ́n fún un ní bélì. Lọ́yà kan tó máa ń ra àǹkárá lọ́wọ́ mi ló kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru. Ó fi kún un pé ìwé òfin Nàìjíríà náà, abala 35, sọ pé ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi dá èèyàn dúró bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. L'Ábújá ńbí, ibo ni kóòtù ò sí? Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi: "Ẹ má jẹ́ kó di Mọ́ńdè." Ẹni tí wọ́n bá mú ní Jímọ̀, tí kò ní èèyàn, òpin ọ̀sẹ̀ á gbé e mì síbẹ̀ ni.

Aago méje òwúrọ̀ Sátidé, mo ti wà níbẹ̀. Aago mọ́kànlá ni IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó dé. Ọmọ Yorùbá ni, bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ara mi wálẹ̀. Kí ẹ má rò pé ìyẹn yanjú ohunkóhun o.

Ó ní kí àbúrò mi wá sọ tẹnu rẹ̀, kí àwọn kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n jókòó tì í, ó sì gbà. Òfin ACJA yẹn gbà kí ẹni tó bá wu afurasí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà, àmọ́ mi ò dárúkọ òfin kankan; ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ṣe é. Òyìnbó àbúrò mi ò dá ṣáká, nítorí náà IPO ló ń bá a kọ ọ́. Nígbà tó parí, mo ní kó jọ̀ọ́ kà á fún wa. Ó ti kọ ọ́ pé "mo dúró pẹ̀lú àwọn afurasí náà." Mo ní, "Ọ̀gá, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun jókòó pẹ̀lú àwọn tó wá jẹun." Ó rẹ́rìn-ín, ó fagi lé e, ó tún un kọ, àbúrò mi sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fagi lé. Gbólóhùn kan yẹn, bóyá òun ló gbà á là jù.

Ó wá ku onídùúró. IPO ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn ń fẹ́, tó bá sì lè jẹ́ ọkùnrin, ó dáa. Mo pe aládùúgbò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì. Ó ní, "Tó bá sá lọ ńkọ́, Àǹtí?" Mi ò bínú sí i. Mo padà wọlé, mo ní èmi ni màá dúró fún un. IPO mi orí: "Mà, àwa kì í gba obìnrin níbí. Àfi tí ẹ bá rí ọ̀gá wa." Ó tún ń sọ ọ́ bọ̀ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Mi ò nàka sí ògiri yẹn. Mo ní mo fẹ́ rí ọ̀gá.

DPO dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ranka ya daɗe," bí Haúsá ṣe ń kí ọ̀gá pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀ náà tí mo ṣí fóònù, tí mo ka ACJA abala 167, ẹsẹ kẹta fún un: wọn ò gbọdọ̀ kọ onídùúró kìkì nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Àwọn kan lè ní kí ló dé tí mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tí mo lè bí. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Òfin le, ohùn mi rọ̀. Ó gba fóònù náà, ó kà á fúnra rẹ̀, ó bi mí bóyá mo ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá pe IPO.

Àwọn ìwé tí wọ́n gbà: ẹ̀dà NIN mi, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù, àti bíìlì iná láti mọ ilé mi. Wọ́n kọ 200,000 náírà sórí ìwé bélì. Ẹ̀rù bà mí kó tó yé mi pé kì í ṣe owó tí wọ́n máa gbà lójú ẹsẹ̀. Bí àbúrò mi bá sá ni wọ́n á wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ pé a ti gba gbogbo ẹrù rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó o jáde. Fóònù, bẹ́líìtì, 1,700 náírà. Àbúrò mi ní 3,700 ni. Ó wò mí, mo wò ó. A fi sílẹ̀. Ó jáde, ó fọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú, bàtà ẹlòmíì sì wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Ìyá Haúsá kan tó ti jókòó láti òwúrọ̀ rí mi bí mo ṣe ń buwọ́ lùwé. Ó bi mí pẹ̀lú ọwọ́ bóyá òun náà lè ṣe é. Mo mú un lọ bá IPO. Kí n tó wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀.

A padà lọ ní Mọ́ńdè, a tún lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ìyá ẹlẹ́wà wá, ó wo gbogbo wọn, ó ní kò sí ẹni tó ya òun lọ́wọ́ níbẹ̀. IPO ní ó ti parí, kí a máa lọ. Mi ò lọ àfi ìgbà tó fagi lé orúkọ mi nínú ìwé, tó sì dá rìsíìtì mi padà.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo tún nawọ́. Mo ní kò sí ajáfóònù tó ń jókòó mu tíì lábẹ́ iná. Ẹ̀bá afárá ló ṣókùnkùn. Ọlọ́pàá tó wá ṣojú DPO kọ ọ́ sílẹ̀. Jímọ̀ méjì rèé tí ọkọ̀ wọn ń dúró síbẹ̀. Mai shayi ti gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ jáde padà.