Ẹ Má Tíì Gé Aṣọ Yẹn: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ìbora Alábùlẹ̀

Ìbora ọmọ tuntun tí mo kọ́kọ́ rán tà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì nílé oníbàárà tí ìyá ọmọ fi gbé e padà wá bá mi ní Eléyẹlé. Kò pariwo. Ó kàn tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó." Pópílìnì funfun àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fi ṣe é, Ìbàdàndùn gan-an, èyí tí wọ́n ń ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí sí lára. Àwọn òpó náà ṣì dúró ṣinṣin. Funfun ló ti lọ. Gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò aró, ó sì ti ran ẹ̀wù ọmọ.

Ẹ̀bi mi ni. Mo ra aṣọ, mo gé e lọ́jọ́ náà, mo rán an, n kò jẹ́ kó kan omi rí. Látìgbà yẹn ni mo ti ń kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń ba iṣẹ́ alábùlẹ̀ jẹ́ kì í ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí èèyàn tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ìbora alábùlẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń pè ní quilt. Ègé aṣọ la ó rán pọ̀ di ojú kan, a ó fi nǹkan tó móoru sáàárín, a ó fi aṣọ mìíràn tì í lẹ́yìn, a ó wá fi òwú gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀ lára wọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò máa ń bi mí pé eégún wo ló ni ẹ̀kú yìí. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í. Àwọn tó ń rán ẹ̀kú ti ń to ègé aṣọ pọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ orúkọ quilt.

Aṣọ tí kò tíì kan omi

Ẹ fọ gbogbo aṣọ kí ẹ tó gé e. Àǹkárá, kàm̀pálà, àdìrẹ, gbogbo wọn ni, kódà bí ẹni tó tà á fún yín ní Gbági bá búra pé kì í yọ àwọ̀. Àǹkárá tuntun ní ṣítáàṣì lára, òun ló ń jẹ́ kó le gbagidi. Bí ṣítáàṣì bá jáde, aṣọ á rọ̀, á sì súnkì. Tẹ́ ẹ bá rán èyí tó ti súnkì mọ́ èyí tí kò tíì súnkì, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ ìbora náà lojú rẹ̀ máa hun jọ bí ojú arúgbó.

Ti àdìrẹ aláró tún yàtọ̀. Aró tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ló ń yọ, kò sì sí ohun tó ń mú un kúrò ju kí ẹ máa ṣan án, kí ẹ máa pààrọ̀ omi, títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ègé aṣọ funfun tó tutù, kí ẹ fi ra ojú rẹ̀. Bí funfun bá ṣì gba àwọ̀, ẹ padà sídìí omi. Ti iyọ̀ àti fínígà tí wọ́n máa ń ní ká dà sí i, mo ṣe é títí, iyọ̀ ọbẹ̀ ni mo fi ṣòfò. Abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí. Lásìkò òjò, ẹ má kó aṣọ tí kò gbẹ dáadáa pamọ́ sínú àpò; á rùn, àmì dúdú á yọ lára ẹ̀, ẹ ò sì ní rí i yọ mọ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń tà ní àǹkárá tí kì í ṣe òwú rárá. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí ẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Tó bá jó bíi bébà tó di eérú, òwú ni. Tó bá yọ́, tó ká jọ, tó di kóró líle, pọlísítà ni. Kì í ṣe pé kò wúlò, àmọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe máa gbóná tó kí òwú tó nà, á ti jó tiẹ̀.

Ègé aṣọ náà ní ẹni tó ni ín

Àṣìṣe tó dùn mí jù nìyí, n ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ràn àpò ìdọ̀tí télọ̀ ju bí ajá ṣe fẹ́ràn eegun lọ. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bá ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò wa, mo fún un lówó búrẹ́dì, ó di àpò kan fún mi. Mo gbé e relé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó bá a mu, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ẹ kó gẹ́ẹ́gé rẹ̀ fún mi," ìyẹn àwọn ègé tó ṣẹ́ kù.

Gẹ́ẹ́gé rẹ̀ wà nílé mi. Mo tiẹ̀ ti gé mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Kì í ṣe pé ìyá náà láhun. Aṣọ tó bá ti jẹ́ tèèyàn, àwọn kan ò ní fẹ́ kí ìgbátí rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀, nítorí ayé. Télọ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ń sunkún, èmi náà sáré gbé àpò dé. A dà á sílẹ̀, a ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣojú ìyá náà. Nígbà tó kan àwọn mẹ́rin tí mo ti gé, mo kúnlẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, kò dá mi lóhùn, ó bá tiẹ̀ lọ. Títí dòní, bó bá rí mi lọ́nà, á kí télọ̀, kò ní kí mi.

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, òun ló sì ń bi oníbàárà. Mo máa ń mú ìbora kan tí mo ti parí dání kí wọ́n lè rí ohun tí ègé náà máa dà. Ọ̀pọ̀ ń gbà, àwọn míì tiẹ̀ ń pè mí pé wọ́n ti kó tiwọn jọ. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni aṣọ olóògbé. Wọ́n á kó aṣọ ẹbí ogún ọdún wá, pẹ̀lú ìró àti bùbá Màmá, pé kẹ́ ẹ fi rán ìbora ìrántí. Ẹ má fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì títí gbogbo ọmọ Màmá á fi mọ̀ sí i. Kì í ṣe ẹni tó gbé báàgì wá nìkan ló jogún. Mo ti gé sányán kan rí tí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Jámánì ti ń retí látìgbà ìsìnkú. N kò ní sọ bó ṣe parí.

Bó bá sì jẹ́ aṣọ òfì ni, ẹ má gé e ní ìdábùú bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́, bí íǹṣì 4 ní fífẹ̀, ni wọ́n ń hun ún ní Ìṣẹ́yìn kí wọ́n tó rán an pọ̀ di ìró. Ẹ tú ojú ìrán yẹn, kí ẹ lò ó bí wọ́n ṣe hun ún. Ibi tó bá di dandan kẹ́ ẹ gé, ẹ kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay (aṣọ fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lójú) mọ́ ọn lẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tú láti etí dé àárín lójú yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń ṣe èyí. Télọ̀ tó gbọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ, torí oníbàárà lè sanra. Ìbora kì í sanra. Ìdá mẹ́rin íǹṣì kan péré là ń rán mọ́lẹ̀ létí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ègé 12 tó jẹ́ íǹṣì 6 lórí ìlà kan, ojú ìrán 11 ló wà láàárín wọn. Bẹ́ ẹ bá rán an wọlé jù pẹ̀lú ìdá mẹ́jọ íǹṣì, ègé ọ̀tún àti ègé òsì ló pàdánù rẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́rin íǹṣì ní ojú kan. Lójú 11, ó ti di íǹṣì 2¾. Ìlà kejì tí ẹlòmíràn rán kò ní bá a dọ́gba mọ́, ẹ̀ẹ́ wá máa fà á kó lè dé, ìbora á sì dìde láàárín bí ikùn. Sẹlotéèpù ni mo lẹ̀ mọ́ ojú irin ẹ̀rọ elẹ́sẹ̀ mi, ìdá mẹ́rin íǹṣì sí abẹ́rẹ́, gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi sì ń tọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí fọ́nrán tó lọ gbọọrọ nínú aṣọ bá etí rúlà mu nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé e. Ègé tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa fà bíi rọ́bà. Ẹ má fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì sáàárín, ó móoru jù fún Ìbàdàn, ó sì máa ń rún. Búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tó ti gbó ló dáa. Bí iná bá lọ tẹ́ ẹ gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde, ìta ni kẹ́ ẹ ti fẹ́ eérú rẹ̀.

Ológbò àti òwú

Mo ní ológbò méjì, ajá kan, àti adìẹ tí n kò mọ iye wọn mọ́. Ajá ò ní wàhálà ju pé kó sùn lórí iṣẹ́. Ológbò ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀gún kéékèèké orí ahọ́n rẹ̀ kọjú sí ọ̀fun, ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, inú ló ń lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí òwú pupa bí íǹṣì 2 tó rọ̀ létí ẹnu èyí kékeré. Ó ń gbé mì, ó ń pọ̀ itọ́. Ọwọ́ mi ti dé ibẹ̀ kí n tó rántí.

Ẹ má fà á. Ẹnu ló ti yọ ni o, ìdí ló ti yọ ni o, ẹ má fà á. Òwú lè ti há sábẹ́ ahọ́n tàbí sínú ìfun. Tẹ́ ẹ bá fà á, ìfun á ká jọ, òwú á sì gé e bí ọ̀bẹ. Abẹ́rẹ́ sì lè wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo gba Micra ní dúróòpù, ó di ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, òwú náà gùn ju apá mi lọ.

Abẹ́rẹ́ tí mo bá mú jáde láàárọ̀, mo ń kà á lálẹ́. Òwú wà nínú agolo mílíìkì onídèérí. Mo so mágínẹ́ẹ̀tì tí mo yọ nínú sípíkà tó bàjẹ́ mọ́ okùn, òun ni mo ń wọ́ kiri ilẹ̀ kí n tó gbálẹ̀. Pín-ìn-nì tó ń kó dé kì í tán.

Ẹ̀yìnkùlé

Ọgbà mi kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní mẹ́rin sí lọ. Ewédú wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ewúro kan, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀tá aṣọ. Oje rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ tó bá kán síni lára. Tó bá gbẹ tán, á dúdú, kò sì sí ọṣẹ tó ń yọ ọ́. Ẹ má sá ìbora síbi tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti lè fẹ́ kàn án, ẹ má sì gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán kẹ́ ẹ wá jókòó sídìí ẹ̀rọ láìpààrọ̀ ẹ̀wù.

Ọ̀pọ̀ ń fọ́n irúgbìn ewédú bó ṣe wà, wọ́n á wá máa bú ẹni tó tà á fún wọn. Èèpo rẹ̀ ló le. Ègé aṣọ tó kéré jù fún ìbora ni mo ń dì í sí. N ó tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, n ó ka ení, èjì, dé ẹ̀wá, n ó yọ ọ́ sínú omi tútù, n ó sá a kó gbẹ díẹ̀ kí n tó fọ́n ọn. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ó ti se é nìyẹn. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ní tiẹ̀ kéré bí eruku, ẹ pò ó mọ́ yanrìn kó má baà hù sójú kan. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó ewébẹ̀ yín. Ẹ kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún oṣù bíi mélòó kan ná. Ẹ má sì jẹ́ káwọn adìẹ náà fúnra wọn wọbẹ̀ láti wá tú u.

Ọjọ́ kẹjọ

Ti owó ò gùn: ẹ ka wákàtí yín mọ́ ọn. Àwọn kan á ní, "Ṣebí ègé àkísà ni." Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lọ kó tiwọn wá, kí wọ́n jókòó rán an.

Ọjọ́ ni ìṣòro. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọmọ lórúkọ, a kì í sì ka ọmọ tó ṣì wà nínú, torí náà kò sẹ́ni tó máa wá bá yín kí ọmọ tó dé. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bí i ni ìyá àgbà máa wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, "Àǹtí Alábùlẹ̀, ẹ bá mi ṣe é kí ìkómọ tó pé." Mo gba irú ẹ̀ rí. Òru mẹ́ta ni n kò fi sùn, etí ìbora náà sì wọ́ bí ọ̀nà oko. Yàtọ̀ síyẹn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, wọn kì í da ìbora bò ó kó sùn, ó lè bo imú rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí kó máa ṣeré lórí rẹ̀, lójú àgbà.

Oṣù méjì ni mo ń sọ fún wọn báyìí. Àwọn kan ń bínú, wọ́n á lọ ra búláńkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó bá dúró, ọmọ wọn á ti máa gbé orí sókè lọ́jọ́ tí mo bá gbé e dé, òun fúnra rẹ̀ á sì tẹjú mọ́ èyí tó bá pupa jù nínú àwọn ègé náà.