Fóònù tòkunbọ̀ orí ayélujára

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù tòkunbọ̀ lórí ayélujára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fowó ránṣẹ́. Ẹ ní kí olùtajà pàdé yín ní gbangba lọ́sàn-án, bíi Alágbàka ní Àkúrẹ́. Ẹ tẹ *#06#; nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà (IMEI) tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Ẹ fi síìmù yín sí i, ẹ pe èèyàn, ẹ sì fi í sí ṣájà wò.

Èmi ra ọ̀kan tí wọ́n ní kò lábùkù. Mi ò tíì dé Ọjà Ọba tí bátìrì fi kú. (Owó rẹ̀ ti kéré jù, ojú mi ló fọ́.) Ohun tó yọ mí ni pé mo ti ya àwòrán ìpolówó náà kí olùtajà náà tó pa á rẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì rán an létí òfin FCCPA ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà: ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oníbàárà lè dá a padà. Lọ́jọ́ kejì, owó mi wọlé. Ẹ má bú u o, ẹ sáà kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Bó bá ṣorí kunkun, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà.