Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Kí Ìtàn Rẹ̀ Má Baà Parun

Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń rí ẹni tó dá àbá, ẹni tó takò ó, àti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ fẹnu kò. Ẹ bá àwọn tó ti ṣe akọ̀wé tàbí akápò rí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí pé àwọn ìwé mìíràn ti bá wọn délé. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè rántí.

Ẹ wádìí gbogbo orúkọ tí ẹgbẹ́ ti jẹ́ rí. Ọdún 1832 ni wọ́n dá British Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Britain, sílẹ̀ ní ìlú Worcester, ṣùgbọ́n ọdún 1856 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ yìí. Ẹni tó bá fi orúkọ ìsinsìnyí nìkan wá a yóò pàdánù ọdún 24 àkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe tú fáìlì akọ̀wé kan ká láti tò ó bó ṣe wù yín. Bí ó ṣe to àwọn ìwé náà jẹ́ ara ẹ̀rí: lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ìwé ìnáwó lè ṣàlàyé ìdí tí owó fi jáde, bí a bá sì ti yà wọ́n nípá, àlàyé náà ti lọ nìyẹn. Ẹ yọ pínnì tó lè dípẹtà, ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà, kì í ṣe báírò, kí ẹ sì kó wọn sínú páálí tí kò ní ásíìdì (kẹ́míkà tó ń jẹ ìwé), níbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò lè dé. Yíya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà dára, ṣùgbọ́n kò tó ìdí láti da ìwé gan-an nù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sun èyí tó ń dójú tini. Ní ọdún 1870, American Medical Association kọ̀ láti gba àwọn aṣojú ẹgbẹ́ kan láti Washington, tí àwọn dókítà adúláwọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 1895, àwọn dókítà adúláwọ̀ dá National Medical Association sílẹ̀ ní Atlanta. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ yẹ ìtàn náà wò fínnífínní, American Medical Association tọrọ àforíjì ní gbangba ní 2008. Ká ní wọ́n ti pa ẹ̀rí rẹ́ ni, kí ni wọn ì bá gbé yẹ̀ wò?

Ìwé ẹjọ́ ìbáwí nìkan ló yàtọ̀, torí pé orúkọ àti àìsàn àwọn aláìsàn lè wà nínú rẹ̀. Ẹ tì í pa, kí ìgbìmọ̀ sì kọ iye ọdún tí yóò fi wà ní títì sára páálí náà.