Bí oògùn tí ọsibítù dì fún yín bá tán: fún ẹni tí ìkọlù ọkàn mú ní England

Lọ́jọ́ tí ọsibítù bá ní kí ẹni tí ìkọlù ọkàn mú máa lọ sílé, wọ́n á gbé àpò bébà kan lé e lọ́wọ́. Oògùn ọjọ́ 14 ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, níbòmíràn ti ọjọ́ 28. Kò sí ẹni tó máa pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ tó bá tán. Ọsibítù ò ní fún yín ní òmíràn, torí pé lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ yín ti bọ́ sọ́wọ́ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín. Bí ẹ ò bá wá ní GP, ọ̀rọ̀ yín ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ará wa ti ń kó sí wàhálà. Oògùn ibà ni wọ́n ń fi wé: ẹ lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ara yá, ó parí. Oògùn ọkàn ò rí bẹ́ẹ̀. Ara tó yá yẹn, oògùn ló dì í mú.

Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ rèé, kíákíá. Bí àyà bá ń fún mọ́ yín bí ìgbà tí wọ́n gbé ọlọ lé e, tí ìrora náà ń ràn dé apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, 999 lẹ máa pè. Ẹ má wọ Uber, ẹ má sì fúnra yín wa mọ́tò. Ẹni tó bá gbé fóònù lè ní kí ẹ lo aspirin 300 mg. Ẹ rún un lẹ́nu, ẹ má gbé e mì lódidi, àfi bí ara yín bá kọ aspirin. Ní ti GP, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí pé ẹ ò ní pásípọ́ọ̀tù tàbí bébà tó fi àdírẹ́sì yín hàn kí wọ́n lé yín padà. Ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì forúkọ sílẹ̀, kí ọmọ tàbí ìyàwó bá a ṣe é kó tó kúrò níbẹ̀. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà lẹ́tà tí ọsibítù kọ ní bébà sọ́wọ́, torí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ò lè dé ọ̀dọ̀ GP tí kò sí.

Ẹ wá tú àpò náà sórí tábìlì. Aspirin 75 mg wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹnìkejì rẹ̀ ni ticagrelor 90 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tàbí clopidogrel 75 mg lẹ́ẹ̀kan, tàbí prasugrel 10 mg lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n máa ń dín sí 5 mg fún àgbàlagbà àti ẹni tí kò wúwo. Atorvastatin ni ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, 80 mg lọ́pọ̀ ìgbà. Bisoprolol kì í jẹ́ kí ọkàn sáré jù. Ramipril ń bá ọkàn gbé lára ẹrù rẹ̀. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, GP á máa fi kún un, nítorí náà kí ẹ̀rù má bà yín bí nọ́ńbà orí páálí bá yí. Lansoprazole ń ṣọ́ inú kí aspirin má dá ọgbẹ́ sí i. Ìgò kékeré tí wọ́n ń fín sábẹ́ ahọ́n bí àyà bá ń dùn ni GTN.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ramipril díẹ̀, torí pé ó kan àwa ènìyàn dúdú ju àwọn yòókù lọ. Ó lè fa ikọ́ gbẹ tí kì í lọ. Ẹ sọ fún GP, wọ́n á fi candesartan tàbí losartan rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí wú, kódà lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹ ti ń lò ó láìsí wàhálà, 999 ni. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbé ìwé yìí wá ni ti ẹnìkejì aspirin yẹn, yálà ticagrelor ni o, clopidogrel ni o, tàbí prasugrel. Ẹni tí wọ́n bá fi stent sí lára, páìpù irin tín-ín-rín bí àwọ̀n ló wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn rẹ̀. Àjèjì ni irin lójú ẹ̀jẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti rí àjèjì, dídì ló ń dì sí. Ara yóò bò ó mọ́lẹ̀ tó bá yá, ṣùgbọ́n oṣù ni yóò gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí irin náà ṣì wà ní ìhòhò, oògùn méjèèjì yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ọn. Ẹni tó bá já a láàárín, stent náà lè dí pa lójijì. Ìkọlù kejì nìyẹn, ó sì máa ń pa èèyàn. Oṣù 12 ni wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn lò ó. Ọjọ́ tí ẹ máa dáwọ́ dúró yẹ kó wà nínú lẹ́tà ọsibítù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì kọ ọ́ sára páálí pẹ̀lú bírò.

Ẹ gbọ́ àwọn ìdí tí àwọn èèyàn fi ń dáwọ́ dúró, kí ẹ wo èyí tó lè mú yín. Imú ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ara ń dégbò lásán. Ticagrelor ń mú kí èémí kúrú, wọ́n sì rò pé ọkàn ló tún ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn eyín fẹ́ yọ eyín. Ààwẹ̀ dé. Wòlíì ní ó ti parí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tó ìdí kí ẹ fúnra yín dáwọ́ dúró! Bí èémí bá kúrú, ẹ pe GP tàbí nọ́ọ̀sì ọkàn. Wọ́n lè yí yín sí clopidogrel lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí àlàfo. Ẹ sọ fún oníṣègùn eyín pé ẹ ní stent àti ọjọ́ tí wọ́n fi í sí yín lára, kó fúnra rẹ̀ wá ọgbọ́n tó máa fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí ààwẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ lọ bá apòògùn kó tó wọlé, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ ti gbàgbé ìgbà mẹ́fà. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ GP: ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ni. Bí ẹ bá gbàgbé ticagrelor lẹ́ẹ̀kan, ẹ fò ó, kí ẹ lo tó kàn lásìkò rẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà o. Ọjọ́ tí wọ́n dá lè pé kí orúkọ oògùn náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà GP, kí ẹ sì máa gbà á lọ bí ẹni gba owó oṣù. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ bi wọ́n. Nínú àwọn méjèèjì yẹn, aspirin nìkan ló sábà máa ń ṣẹ́kù títí ayé.

Báwo wá ni kò ṣe ní já? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ dé ilé, ẹ pe GP kí ẹ béèrè ohun méjì: ṣé lẹ́tà ọsibítù ti dé, ṣé wọ́n sì ti fi gbogbo oògùn náà sórí repeat, ìyẹn ìwé oògùn tí ẹ á máa gbà léraléra. Kí wọ́n kà á fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi ìka tọ lẹ́tà ọwọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kà á. Ó wọ́pọ̀ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀. Oògùn tí kò bá sí lórí repeat kì í sábà hàn níbi tí ẹ ti ń béèrè oògùn lórí NHS App, ẹ ò sì lè béèrè ohun tí kò hàn níbẹ̀.

Ẹ wo bí òǹkà ṣe ń tan èèyàn jẹ. Páálí ticagrelor kan, hóró 56 ló wà nínú ẹ̀. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, ọjọ́ 28 ló máa bá yín lọ, bí páálí aspirin tó ní hóró 28. Bí ẹ bá rí hóró 20 tó kù, ọjọ́ 10 péré lẹ ní lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn lẹ máa béèrè tuntun. GP sábà máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ méjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kẹ́míìsì tún lè gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta, bí kò bá sí lórí pẹpẹ wọn. Ẹ fi Sátidé àti Sunday kún un. Ní Ọdún Àjíǹde, Friday àti Monday ló ń tì pa pọ̀ pẹ̀lú wọn. Bí ó bá ti tán pátápátá, ẹ pe 111, nọ́ńbà NHS fún ọ̀rọ̀ tí kò tó ti 999, tàbí kí ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n á darí yín sí kẹ́míìsì tó lè fún yín ní ti ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má lọ yá ti aládùúgbò. Oògùn “tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì” tirẹ̀ lè jẹ́ warfarin, ẹ̀yin náà á wá fi ìyẹn kún tiyín.

Páálí á máa yí àwọ̀, nítorí pé kẹ́míìsì ń ra ti ilé iṣẹ́ tó bá wà. Oṣù yìí búlúù, oṣù tó ń bọ̀ funfun. Àwọn kan ti torí èyí lo méjèèjì, wọ́n rò pé oògùn tuntun ni. Orúkọ tó wà lára lébù kẹ́míìsì ni kí ẹ kà, kì í ṣe àwòrán. Brilique àti ticagrelor, ọ̀kan náà ni. Plavix àti clopidogrel, ọ̀kan náà ni.

Ó kan ohun tí ẹ dì wá nínú àpótí láti ilé. Ìdì Alábúkùn kan ní aspirin 760 mg. Ó ju hóró 75 mg mẹ́wàá lọ. Ẹni tó wà lórí aspirin àti ticagrelor tó tún da Alábúkùn sẹ́nu torí orí fífọ́, inú rẹ̀ ló ń wá ẹ̀jẹ̀ sí. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam tí a fi ń tọ́jú ẹ̀yìn ríro, ẹ kó gbogbo wọn dànù. Paracetamol ni tiyín. Àgbo inú ìgò tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Omeprazole tí aládùúgbò ní ó dára fún inú máa ń dín agbára clopidogrel kù. Ìdí tí wọ́n fi fún yín ní lansoprazole nìyẹn. Ẹ̀yin ọkùnrin, sildenafil (Viagra) àti GTN kì í bára wọn gbé: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já lulẹ̀ débi tí èèyàn ò ní lè dìde. Àwọn “ewé lásán” tí wọ́n ń tà fún agbára ọkùnrin, wọ́n ti bá sildenafil nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí áńbúláǹsì bá dé, ẹ sọ ohun tí ẹ lò, kódà kí ìyàwó wà ní tòsí.

Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni oògùn ní Scotland, Wales àti Northern Ireland. Ní England, £9.90 ni oògùn kan láti oṣù Karùn-ún 2024. Owó ìlera tí ẹ san mọ́ físà ò sì bò ó, bó ti wù kó pọ̀ tó. Oògùn mẹ́fà jẹ́ £59.40 lóṣù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń mú ìwọ̀nba tí agbára wọn ká, tí wọ́n ń fi ticagrelor sílẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra PPC, ìwé àsansílẹ̀ ọdún kan, ní £114.50, wọ́n máa ń gbà á díẹ̀díẹ̀ nígbà 10 láti báǹkì, iye oògùn yòówù tí ẹ bá gbà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti sanwó oògùn kí PPC náà tó jáde, ẹ béèrè FP57, rìsíìtì tí ẹ máa fi gba owó yín padà, ní kántà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn ò ní fún yín tó bá di ọ̀la. Ẹni tí owó ò tó fún, kó kún HC1, fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré.

Kí ẹ má sì fi àmì sí ibi “mi ò kí ń sanwó” torí pé ọkàn ló ń ṣe yín. Àtọ̀gbẹ tí èèyàn ń lo oògùn sí, wárápá àti jẹjẹrẹ wà lórí ìwé ìdásílẹ̀, àwọn yẹn náà sì gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí. Ìkọlù ọkàn ò sí níbẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì pé ọmọ 60 ọdún, tí ẹ ò sì ní ìwé kankan, lẹ́tà ìtanràn á dé: owó oògùn náà, àti ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ tí kò ní ju £100 lọ. Bí òṣìṣẹ́ kántà bá fi àmì náà sí i fún yín, orúkọ yín ló wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ sọ fún GP ní oṣù kan ṣáájú. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lè fún yín mọ. Ẹ ka hóró ọjọ́ tí ẹ máa lò, ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ méjì lé e, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, nínú páálí tó ní lébù, pẹ̀lú bébà repeat yín. Ẹ má bù ú fún ẹ̀gbọ́n tó ní òun náà ní “àyà jíjá”. GTN, àpò ṣòkòtò ni àyè rẹ̀: ẹ jókòó, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì sábẹ́ ahọ́n, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un fín; bí ìrora bá ṣì wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 mìíràn, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ìgò kí ẹ tó kúrò nílé.